Orúnkún Maître

Bí ẹ bá dé PK8 ní Douala, ẹ béèrè Maître lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bendskin. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ìran kan ni, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ìwé ńlá kan kì í kúrò lábíyá Maître: La Pierre et le Sabre, apá kìíní ìtàn Musashi, onídà ará Japan, tí Eiji Yoshikawa kọ. "Poteau" ló ti rà á, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pàtẹ ìwé àlòkù sẹ́bàá títì. Kò sẹ́ni tó fi í joyè Maître. Òun ló kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì rẹ àwọn èèyàn láti bá a jiyàn.

Kò sí ìwé ìjà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì sí èyí tó kà tán. Ìwé Bruce Lee tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1975, lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà, ó ní kò lè ṣiṣẹ́ ní òpópónà. Òpópónà wo? Èyí tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló fi ń jà níbẹ̀? Ó ní Francis Ngannou, tó kúrò nídìí wíwa iyanrìn ní Batié tó fi gba bẹ́líìtì UFC ní 2021, agbára lásán ló ní, kò ní ìmọ̀. Hagakure, ìwé àwọn sámúráì, nìkan ló fẹ́ràn, torí pé ọ̀rọ̀ ikú kún inú rẹ̀. Yamamoto Tsunetomo tó sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò sì jagun rí láyé rẹ̀. Abájọ tí wọ́n fi mọwọ́ ara wọn.

Kò sí ohun tó ń dí Maître lọ́wọ́ ìjà, àfi orúnkún. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló ń forí lé: "Bí kì í bá ṣe ti orúnkún yìí..." Orúnkún yìí nítàn ju Musashi lọ. Lọ́jọ́ Ajé, oníkaraté kan láti Nkongsamba ló fẹsẹ̀ gbá a. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, olè méjì ní Ndokoti ló fi igi fọ́ ọ. Ọ̀tún ni láàárọ̀, òsì ni lálẹ́. Ó ń rẹ orúnkún náà lẹ́kún bí ìyá ṣe ń rẹ ìkókó. Kí òjò oṣù kẹjọ sì rọ̀, kí àgbàrá gba títì, ẹ ó rí Maître tí yóò fo gọ́tà, ìwé lórí, bàtà lọ́wọ́. Ìgbà kan ṣoṣo ló ń dùn ún: ìgbà tí ẹnìkan bá ní kí wọ́n jọ lọ ṣe ìdánrawò láàárọ̀ ọ̀la. Òpùrọ́ gidi máa ń ṣiṣẹ́. Ó ní láti rántí irọ́ àná. Eléyìí kò rántí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Ní 1970, ẹ̀yìn Bruce Lee bàjẹ́ lóòótọ́. Oṣù bíi mélòó kan ló fi wà lórí ibùsùn, ibẹ̀ ló sì ti kọ púpọ̀ nínú ohun tó di ìwé tí Maître ń bú yẹn. Nígbà tó dìde, ó padà sídìí ìjà. Musashi fúnra rẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ Gorin no Sho tó parí ní 1645, ọdún tó kú, kì í yé rán òǹkàwé létí pé kó lọ máa fi ara ṣe é. Maître ní ìwé náà. Ó fi bírò pupa fàlà sídìí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àyàfi ìyẹn.

Mo lè fara da gbogbo èyí. Ohun tí n kò lè fara dà ni ti ọmọbìnrin kan, ọmọ oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ti ibi júdò bọ̀, kímónò rẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù. Ó kúnlẹ̀ kí Maître. Maître kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Ó ní kó fi bó ṣe ń di èèyàn mú han òun. Kí ọmọ náà tó ṣe é tán, Maître ti ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn tó ń kọ́ ọ kàn ń jẹ owó bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ tó ń làágùn! Ìwà ìkà ni, n kò ní pè é lórúkọ mìíràn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi hàn wá lọ́la."

Maître bẹ̀rẹ̀, ó di orúnkún mú. Bí ọmọ náà ti kọjá, ó kọjú sí àwọn ọlọ́kadà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àṣìṣe tí Sasaki Kojiro ṣe tí Musashi fi pa á ní erékùṣù Ganryu ní 1612. Òpin apá kejì ni ìjà yẹn wà. Maître kò tíì ra apá kejì.