Bọ̀dá Àtúnkọ

Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland Bridge, tí àwọn yòókù ń gbọ́ ìròyìn, ìṣirò ni Bọ̀dá Àtúnkọ ń yanjú lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ báńkì ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó níyàwó, ó bímọ. GMAT ló ń kọ, ìdánwò àwọn tó fẹ́ lọ kàwé gboyè MBA. Ó ti kọ ọ́ rí. Ó tún ti kọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

645 ló gbà kẹ́yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí ìdánwò náà padà ní 2023, máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 205, ó parí sí 805. 645 yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 700 àtijọ́ dọ́gba, èyí tí àwọn èèyàn ń gbààwẹ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n gbọ́ pé ẹnì kan ní Lekki gba 705. Oorun dá lójú rẹ̀.

Ó mọ òfin ìdánwò náà bí ẹni pé òun ló ṣe é. Ọjọ́ 16 gbọ́dọ̀ là á láàárín kí èèyàn tó tún un kọ; ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni lóṣù 12; ìdáhùn mẹ́ta lèèyàn lè yí padà ní ìpín kọ̀ọ̀kan. Ká ní òfin ni wọ́n ń bi í, ì bá ti gba 805. Owó ìdánwò náà lé ní 200 dọ́là lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣírò rẹ̀ sí náírà, tó ń mí kanlẹ̀.

Ìyá rẹ̀ pè láti Ìjẹ̀bú-Òde. "Àkànní, ṣé o fìdí rẹmi ni?"

"Rárá o, màmá, mo ṣe dáadáa."

"Kí lo wá tún ń kọ?"

Owó orí fóònù tán kí àlàyé tó dé ìdajì.

Ká ní 505 ló gbà ni, n kò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n Harvard tó fẹ́ lọ kì í wo máàkì nìkan. Wọ́n á ní kó kọ àròkọ nípa ara rẹ̀, kó sì wá ẹni méjì tí yóò kọ lẹ́tà fún un. Ọ̀gá rẹ̀ ló yẹ kó kọ ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ó fẹ́ lọ, kí ìgbéga má lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Àròkọ ńkọ́? Ìṣirò ní olùkọ́; ohun tí àgbàlagbà fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe kò ní. Bí oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù bá ti ń sún mọ́, ẹ̀gbọ́n á tún forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Bí ìpele kejì bá dé ní oṣù Kìíní, á ní òun ń retí èsì tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló máa bá ẹni tó ń kàwé jà? Níbi ìsọmọlórúkọ, "ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà" ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi ẹran kún tirẹ̀. Àbúrò kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ gba 615, ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òwò INSEAD, ó fi oṣù mẹ́wàá kàwé, ó ti padà dé. Ẹ̀gbọ́n ní oríire lásán ni.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, 645 yẹn tó. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tọrọ lẹ́tà.