Ará Idigny Tó Fẹ́ Lọ Kí Olókun Nílé

Bàbá Onímọ̀ràn-Ọ̀fẹ́ tún dé o. Ìmọ̀ràn mi kò lówó lórí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gàrí dúpẹ́, n kì í dá a padà.

Bàbá, mo kí yín o. Tíṣà ni mí ní Idigny níbí, ní ilẹ̀ Kétu ní Benin. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Faransé ti sanwó ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ fún èmi àti ìyàwó mi. Ọkọ̀ náà yóò yà ní Dakar, yóò sì yà ní Mindelo ní Cap-Vert. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n yan ohun tí mo fẹ́ ṣe bí a bá gúnlẹ̀. Mo rí ibi tí wọ́n kọ “plongée”, ìyẹn ìmòòkùn, sí, pẹ̀lú àwòrán ẹja aláràbarà, mo sì ti sọ fún gbogbo lekọ́ọ̀lù pé èmi yóò dé ìsàlẹ̀ òkun. Owó tí ọkọ̀ ń gbà ti wọ́n jù. Ọkùnrin kan ní Mindelo sọ fún mi lórí WhatsApp pé òun yóò gba ìdajì. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa.
Èmi ni, Tíṣà Tó Ti Fọ́nnu Tán.

Tíṣà, ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán. Ilẹ̀ Kétu yìí, tí a ti ń to bìdọ́ọ̀nù sídìí ẹ̀rọ omi láti ìdájí, tí ọmọdé ń fi omi korobá kan wẹ orí, wẹ ẹsẹ̀, kó tó fi ìyókù fọ ṣòkòtò, ibẹ̀ ni ìwọ ti jí lọ́jọ́ kan tí o ní òkun ló kàn. Kò burú. Mo fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀rọ̀ ẹja, aago ni kí o kọ́kọ́ wò. Àwọn ìyá wa tó ń kó ọjà lọ sí Lomé mọ èyí ju kápíténì lọ: bí wọ́n bá ti kọjá Hillacondji, aago Togo fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Dakar náà bẹ́ẹ̀. Mindelo fi wákàtí méjì rẹ̀yìn. Fóònù rẹ yóò yí aago padà láìbi ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kápíténì lè ní aago inú ọkọ̀ kò ní yí. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ síwèé pé kí gbogbo èrò padà ní aago mẹ́rin ààbọ̀, béèrè pé aago ta ni. Ra aago ọwọ́ ẹ̀dínwó ní ọjà Kétu, èyí tí kò gbọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀, yí i sí aago ọkọ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àní ìyàwó rẹ.

O rò pé mo ń ṣàwàdà? Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Norwegian Dawn, tó ń ti Cape Town lọ sí Barcelona, yà ní São Tomé. Èrò mẹ́jọ, ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́fà àti ọmọ Ọsirélíà méjì, bá aládàáni jáde lọ wo erékùṣù náà. Wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n fi dé etí omi, wọ́n ṣì ń wo ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kò tíì gbéra. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun tilẹ̀ fi ọkọ̀ kékeré gbé wọn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kápíténì ní rárá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọkọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Wọ́n dé Gáńbíà, ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gúnlẹ̀ sí Banjul. Dakar ni wọ́n ti tó bá a.

Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé ọkọ̀ àti ìdajì owó. Bí ìjáde bá jẹ́ ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí mọ́tò wọn bá bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n máa ń dúró, tàbí kí wọ́n fi owó tiwọn gbé yín bá ọkọ̀ ní èbúté tó kàn. Bí o bá bá ọkùnrin WhatsApp lọ, ó ku ìwọ àti Ọlọ́run rẹ. Owó tó lé lórí yẹn, owó ìdúródeni ni. Ní tèmi, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ kò yẹ kó ná an lọ́jà.

Mo mọ̀ pé o ṣì ń wo ìdajì. Ó dáa, ọwọ́ tíṣà kì í tú. Bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ nígbà náà. Kó ṣèlérí pé ẹ ó ti padà dé etí èbúté ní wákàtí méjì kí ọkọ̀ tó ti ilẹ̀kùn. Kó sọ iye ẹni tí olùkọ́ kan ń mú lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o wá gbọ́ bóyá òun náà yóò bi ọ́ ní nǹkan. Télọ̀ kì í rán ṣòkòtò láìwọn ìbàdí. Ẹni tó fẹ́ gbé ọ sínú òkun tí kò béèrè etí rẹ, àyà rẹ, ọkàn rẹ, àti bóyá àsímà ń ṣe ọ́, owó nìkan ló ń wò. Fi í sílẹ̀.

Ìsàlẹ̀ òkun tí o ṣèlérí fún lekọ́ọ̀lù ńkọ́? Mítà 12 ni. PADI, tó ti ń fún àwọn amòòkùn ní ìwé ẹ̀rí láti 1966, kò jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ ọ rí kọjá ibẹ̀, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tó ṣe ẹ̀kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní í dé mítà 18. Bí ọkùnrin WhatsApp bá ní ọ̀dọ̀ òun mítà 30 ni, ẹ ó lọ wo ọkọ̀ tó rì, sọ fún un pé ìyàwó rẹ ń pè ọ́. Bí o bá dé Idigny, má pè é ní mítà 12 rárá. Fi ẹsẹ̀ bàtà kà á bí àwọn ará Nàìjíríà: 40 kún ẹnu jù.

Má sì fojú di mítà 12 náà. Ní mítà 10, agbára tó ń tẹ ara rẹ ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Bí o bá dorí bìdọ́ọ̀nù òfìfo kodò tí o rì í débẹ̀, omi yóò wọ inú rẹ̀ dé ìdajì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò sì sún kì. Bí o bá wá rọ afẹ́fẹ́ kún un nísàlẹ̀, tí o dé e pa tí o sì gbé e gòkè, yóò fẹ́ẹ́ bẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ náà ń wá àyè ìlọ́po méjì. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ ni mo ń sọ. Ìdí nìyẹn tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé o kò gbọ́dọ̀ sé èémí. Máa mí wọlé, máa mí jáde. Tíṣà tó lè sọ̀rọ̀ láti aago mẹ́jọ dé ọ̀sán láìmí, òfin yìí yóò ni ọ́ lára. Etí náà ńkọ́? Fún imú pọ̀, kí o rọra fẹ́ ẹ, kí etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ́. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe ọ́ lọ́jọ́ náà, fi owó jì wọ́n. Bí ẹ bá ń gòkè, ìṣẹ́jú kan kò gbọ́dọ̀ gba ju mítà 9 lọ. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú ìgò onírin ẹ̀yìn rẹ, irú èyí tí à ń mí ní Idigny láìsan sẹ́ẹ̀fà. Àwọn ọmọ Faransé méjì, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fi í sí ọ lẹ́nu bó ṣe tọ́, ní 1943. Bí àwọn wọ̀nyẹn ti lo ọpọlọ tó, kí ìwọ náà lo tìrẹ.

Ìyá rẹ ti kọ́ ọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àṣà dáadáa ni, fi í sílẹ̀ nílé. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ọkọ̀ àwọn amòòkùn kan ní Ọsirélíà padà sí èbúté láìmọ̀ pé tọkọtaya kan, Tom àti Eileen Lonergan, ṣì wà nínú òkun. Orí tí wọ́n kà kò péye. Ó tó ọjọ́ méjì kí wọ́n tó fura, a kò sì rí wọn mọ́. Nítorí náà, ka orí nígbà tí ẹ ń lọ, kí o kà á sétí olórí ọkọ̀, kí o tún kà á nígbà ìpadà. Jẹ́ kó mọ orúkọ rẹ. Béèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀, béèrè aago, ṣàròyé bàtà pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi sí ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá yọ èèyàn lẹ́nu tó, wọn kì í gbàgbé rẹ̀ sínú omi.

Ó tún ku bàálù. Àwọn oníṣègùn amòòkùn ní kí èèyàn dúró ó kéré tán wákàtí 12 lẹ́yìn ìmòòkùn ẹyọ kan, wákàtí 18 bó bá ju ẹyọ kan lọ, kó tó fò. Wo ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò já yín sílẹ̀ dáadáa. Gígun òkè láti Kútọnu wá sílé kò sọ́rọ̀ ní tiẹ̀: a ń pe ilẹ̀ wa ní òkè, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ sí òkun kò tó 300 mítà. Ní Dakar, má mòòkùn. Wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù Gorée, bí ogún ìṣẹ́jú ni, omi kò sì ní kàn ọ́ kọjá kókósẹ̀.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Baálé mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti ṣiṣẹ́ ní Gabon rí, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Ọmọ wa fẹ́ mú wa wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí yóò yà ní Salvador ní Bahia. Baálé mi ní òun yóò wọ inú omi lọ wo ọkọ̀ tó rì, òun yóò sì kọ “rárá” sí gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi òun nípa ara òun. Ṣé Yemọja kò ní bínú báyìí?
Ìyàwó Akọni.

Ìyá wa, ẹ fi Yemọja sílẹ̀, fọ́ọ̀mù ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ti kọjá ọdún 45 tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Bó bá ti dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni”, dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó fi ẹsẹ̀ kan omi. Ẹ má bá akọni jà. Ẹ ní ojú rẹ̀ kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, kó sinmi, ẹ̀yin yóò bá a kọ ọ́. Ẹ wá kọ òtítọ́, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ẹ fi bó ṣe ń hanrun lójú oorun kún un. Dókítà ni yóò sọ rárá. Bàbá yóò bú dókítà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, oúnjẹ yín ni yóò sì jẹ sùn.

Ohun tó fẹ́ wò kò burú o. Ọkọ̀ tó rì sí àyíká Salvador pọ̀. Blackadder, ọkọ̀ onígbòkun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn ní 1870, ibẹ̀ ló parí sí ní 1905. Ṣùgbọ́n nínú ìlú yẹn kan náà, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Terreiro do Alaketu. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé náà ni pé ọmọbìnrin ọba Kétu tí Dahomey kó lẹ́rú ló ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ọmọ ìdílé Àró. Àró yìí náà ni o, ọ̀kan nínú ìdílé márùn-ún tí à ń fi jọba ní Kétu. Ọkọ̀ tó gbé ọmọ náà kọjá òkun kò fún un ní ìwé kankan pé kó yan ibi tó wù ú. Ẹ ní kí ọmọ yín pè wọ́n ṣáájú, nítorí ilé òrìṣà kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọ funfun, ẹ kúnlẹ̀ fún àgbà tó bá wà níbẹ̀, ẹ fi ohùn Kétu kí wọn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ wo ojú akọni. Bó bá ṣì ń dárúkọ omi lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú un lọ sí etíkun Porto da Barra, kó lo awò ojú àti ọ̀pá ìmí níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tólẹ̀, kí ẹ sì di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú.

Bàbá, mo fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, “Idigny Plongée”. Àwọn òyìnbó ń bá ọkọ̀ ìgbafẹ́ dé Kútọnu. Màá fi mọ́tò kó wọn wá mòòkùn nínú kàǹga bàbá bàbá mi, kò sí èyí tó jìn tó o ládùúgbò. Mo ti tẹ káàdì.
Ọ̀dọ́ Olókòwò.

Ìwọ! Kàǹga tí ìyá gbogbo àdúgbò ń pọn mu, kí òyìnbó kó bàtà pẹ́pẹ́yẹ wọ̀ ọ́? Kútọnu tó wà létí òkun gan-an kò ta ìmòòkùn. Yanrìn ni etíkun wa, omi rẹ̀ rú, ìgbì rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè sún mọ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́. Orí afárá onírin tí Faransé nà wọ inú òkun ní 1891 ni wọ́n ti ń sọ èèyàn àti ẹrù kalẹ̀, títí èbúté fi ṣí ní 1965. Ganvié àti Ouidah ni èrò ọkọ̀ ń lọ, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ tètè padà. Ọ̀dọ̀ tiwa ju 100 kìlómítà lọ. Bí mọ́tò rẹ bá takú ní Pobè, tí ọkọ̀ sì lọ, ilé ìyá rẹ ni wọn yóò sùn, gàrí ìyá rẹ ni wọn yóò jẹ, ìwọ ni yóò sì máa wá owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé Dakar.

Àlejò tó bá sùn mọ́jú ni ọjà rẹ. Mú un lọ wo Àkàbà Ìdẹ́nà ní Kétu, ẹnubodè tí ogun Dahomey jókòó tì kí ìlú tó ṣubú ní 1886, kí o tó mú un wá jẹ gàrí Idigny lójú àrò. Káàdì tí o tẹ̀ yẹn, má dáná sun ún. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ìyá rẹ lè máa fi kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.