Wáyà Wo Ló Mọ Orin í Gbé?

Ní Ìlaró níbí, ẹni tó fẹ́ fi ìgbọ́rọ̀ àfisétí olówó ńlá gbọ́ orin inú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yan wáyà. USB, ti 1996, ń gbé orin pọ̀ mọ́ iná fólìtì 5; ariwo inú kọ̀ǹpútà sì lè bá wọn wọlé bíi mo-gbọ́-mo-yà. TOSLINK tí Toshiba gbé jáde ní 1983 ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń gbé, iná mànàmáná kò lè gbabẹ̀, kò sí "hùùù" kankan. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń gbà á fẹ́ iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí NEPA bá wá mú iná lọ, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí "hùùù" gba ojú fèrèsé wọlé! Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń jiyàn wáyà, orin Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, tó fẹ́ gbọ́ sì rèé, inú kásẹ́ẹ̀tì gbígbó ló ti dà á kọ. Ẹ ra USB, ẹ fi ṣéńjì ra epo.