Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀

Bí ẹ bá ti Fádèyí bọ̀, tí ẹ dé Jíbówú níbi tí èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì Onitsha àti Aba, ẹ yà wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó bá kọ́kọ́ kàn yín. Ọkùnrin tó fi bírò há etí lórí bẹ́ǹṣì iwájú ni Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní tiẹ̀.

Eré ajá ló yàn láàyò. Kì í ṣe ajá tó ní ẹ̀jẹ̀ lára o. Ajá mẹ́fà inú tẹlifíṣọ̀n ni, tí kọ̀ǹpútà yà: wọn kò jẹ egungun rí, kò sí ìyá tó bí wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣa nọ́ńbà tó máa wọlé bó ṣe wù ú. Eré tí à ń wò, ìran lásán ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ àlàyé. “Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà kan bó ṣe ń mi ìrù, ebi iṣẹ́ ń pa á.” Gbogbo èsì ló wà nínú ìwé rẹ̀, ó fi rúlà fàlà sí i bí akọ̀wé ẹgbẹ́ àlájẹṣẹ́kù. Ajá gidi kan sùn sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó fi ẹsẹ̀ tì í: “Kúrò ńbẹ̀, ọ̀lẹ! Ẹgbẹ́ ẹ ń sáré.”

Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni, pé bàbá òun àgbà ta tẹ́tẹ́ ẹṣin ní Race Course, ibi tí wọ́n ti fa àsíá òmìnira sókè ní 1960, tó di Tafawa Balewa Square lónìí. Ìyẹn ṣì yé mi. Ẹṣin a máa làágùn, a máa tiro. Ẹni tó bá lọ wò ó láàárọ̀ lè rí nǹkan kan dì mú. Kí lèèyàn fẹ́ wò lára àwòrán?

Bí èrò kan bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ̀ tó jẹ, a gba owó omi. Bí ó bá pàdánù, “O ò gbọ́ mi yé ni.” Ajá tó máa ṣe ìkíní àti èkejì, ọ̀nà 30 ni wọ́n lè gbà tò. Lọ́jọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ mú 1 àti 4, 4 àti 1 ló jáde. Ó fò dìde: “Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀!” Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí kò fi mú un.

Ó yọ owó ọkọ̀ tó máa gbé e délé.

“Àǹtí kàṣíà, bá mi tẹ 200 náírà sórí nọ́ńbà mẹ́ta.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ní ó ti rẹ̀ ẹ́?”

“Ó ti sinmi.”