Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìyá Oníyọ̀: Oògùn Kì í Gba Èènì

Ìyá wa, Ìyá Oníyọ̀,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú àtẹ, ẹ sì kú ìtọ́jú gbogbo wa. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́ pé ayálégbé yín kọ lẹ́tà sí yín ní gbangba, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni pé ara mi kò yá. Lẹ́yìn náà, ẹ óò bu iyọ̀ sómi gbígbóná fún mi. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún yín tán ná.

Láti ọdún 2012 tí mo ti ń gbé ilé yín, n kò tíì rí àìsàn tó wọlé tí iyọ̀ kò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Eyín ń dun bàbá tíṣà, iyọ̀. Ọ̀fun ń dun ọmọ tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, iyọ̀. Ẹsẹ̀ mi rọ́ níbi tí mo ti ń sáré lé bọ́ọ̀sì, omi gbígbóná àti iyọ̀. Inú rírun, iyọ̀. Ojú pípọ́n, iyọ̀. Kódà lọ́jọ́ tí àna yín wá ń ṣàlàyé pé òun kò tíì rí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ san, mo rí i tí ẹ ń wo apá ibi tí ike iyọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ń wọn iyọ̀ fún oníbàárà, ẹ óò bù ú sí kóńgò, ẹ óò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí oníbàárà bá ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní èènì," ìka méjì ni ẹ óò fi mú díẹ̀ ta sí i, bí ẹni pé wúrà lẹ fi tọrẹ. Ẹ wá jẹ́ kí ẹnìkan nínú ilé ní ara ń dun òun! Ọwọ́ tó há lọ́jà á di ọwọ́ ọlọ́rẹ. Ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ ní kò tó. Ẹ̀kúnwọ́ kejì, èènì. Ẹ̀kúnwọ́ kẹta, kí àìsàn lè mọ̀ pé ó wọ ilé onílé.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ ọwọ́. Ẹ máa fi ọwọ́ ọjà ṣe oògùn, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ oògùn tajà fún wa.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé irọ́ ni mo pe iṣẹ́ yín o. Dókítà eyín fúnra rẹ̀, bó bá yọ eyín tán, á ní kí aláìsàn máa fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí, fọ ẹnu láti ọjọ́ kejì. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn lè fi ìdajì ṣíbí ìpotíì iyọ̀ sínú ife omi, kó gbé orí sókè, kó fi ṣan ọ̀fun, kó sì tu ú dànù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi iyọ̀ ra ẹja ló yẹ kí ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa. Bí ẹ bá fi iyọ̀ ra ẹja lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti dárogún sábẹ́ rẹ̀. Ẹja kò sunkún. Iyọ̀ ló fa omi ara rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fa omi díẹ̀ kúrò nínú ọ̀fun tó wú, tí ara á fi tu ènìyàn. Pé ara tù kò túmọ̀ sí pé àrùn ti lọ o. Akokoro tó ti gbẹ́ ihò sínú eyín kò ní kó ẹrù rẹ̀ nítorí iyọ̀. Dókítà ló ń lé e.

Iṣẹ́ iyọ̀ nìyẹn, Ìyá wa: ó ń fa omi. Ibi tí a bá fi í sí, àti bó ṣe pọ̀ tó, ló ń sọ ọ́ di oògùn tàbí ohun mìíràn. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní ọsibítù, tí ẹ máa ń sọ pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, omi àti iyọ̀ lásán ni èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ lè fi ìyẹn yangàn lọ́jà. Ṣùgbọ́n gíráàmù 9 péré ni iyọ̀ tó wà nínú lítà kan rẹ̀. Kò pé ṣíbí ìpotíì méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí inú yín yóò dùn sí. Ní 1971, nígbà tí ogun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tó di Bangladesh lónìí, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́ àwọn tó sá wọ Bangaon ní ilẹ̀ Íńdíà. Omi tí wọ́n ń fà sí ara tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀, ṣúgà gúlúkóòsì àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì sínú omi, kí àwọn ẹbí máa bù ú fún aláìsàn mu. Ṣáájú ìyẹn, bíi 30 nínú 100 ló ń kú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi yìí, iye náà já wálẹ̀ sí bíi 4.

Ẹ ò rí i pé iyọ̀ kò dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Nínú ìfun, iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé ni, omi á sì tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn ogun náà, àjọ BRAC ní Bangladesh rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé lọ kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń pò ó: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè mú, àti ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà ìbílẹ̀ wọn. Iye tí ìyá ọlọ́mọ bá rántí nínú ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ ò rí i: ìka mẹ́ta ni ti iyọ̀; ṣúgà ló gba ẹ̀kúnwọ́. Ẹ̀yin ló yí i padà.

Nítorí náà, bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ nínú ilé wa, ẹ kọ́kọ́ rán wa lọ ra ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀ sínú ọ̀rá, àti oògùn síǹkì. Bí kò bá sí, ẹ bu lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí ìpotíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí ìpotíì iyọ̀. Kí ṣíbí tẹ́jú bí kóńgò yín ṣe ń tẹ́jú lọ́jà. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù níbẹ̀, omi ara ọmọ tó ti ń gbẹ ni yóò tún máa fà. Gìrì lè mú un, ẹ óò sì máa wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà ńbẹ̀ láàárín àwọn ará ilé, nígbà tó jẹ́ pé inú ike iyọ̀ yín lẹni náà wà.

Ẹ ò tíì gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2014, àbí? Òru ni ẹ gbá ilẹ̀kùn mi, ẹ ní wọ́n pè yín láti abúlé pé kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí Ẹ̀bólà má bàa wọlé. Èmi náà wẹ̀, n kò ní purọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, iyọ̀ ti tán lórí àtẹ yín. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí Ẹ̀bólà fi owó sí lápò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Láàárín oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìròyìn ti dé pé ó kéré tán, ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Iyọ̀ tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ bó ṣe ń fà á kúrò nínú ẹja.

Ohun tó lé Ẹ̀bólà lọ kì í ṣe iyọ̀. Olóògbé Dókítà Ameyo Adadevoh ló kọ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́, tó wọ̀lú láti Làìbéríà, jáde ní ọsibítù, ẹ̀mí òun fúnra rẹ̀ sì lọ sí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá tọpa àwọn tó súnmọ́ 900 tí wọ́n ti bá aláìsàn pàdé. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀bólà. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 kú.

Nǹkan méjì mìíràn rèé kí n tó dákẹ́. Ẹ dákun, ẹ má fi iyọ̀ kan ojú Àpólò mọ́. Ojú kì í ṣe ẹja. Ẹ má sì fún ọmọ tó ṣèèṣì mu kẹrosíìnì ní omi iyọ̀ kó lè bì. Bó bá ń bì í, kẹrosíìnì lè ya wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e sáré lọ.

Ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ló kù. Mo mọ̀ nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí ìpotíì kan, tèyí tó wà nínú mágí àti búrẹ́dì ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin sì ń bu iyọ̀ sórí ọbẹ̀ kí ẹ tó tọ́ ọ wò! Mi ò ní kí ẹ pa àtẹ tì o. Láti 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódìn sí iyọ̀ ní Nàìjíríà nítorí gẹ̀gẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni ẹ ń ṣe bí ẹ ṣe ń tà á. Kí ẹ ṣáà máa bò ó, kí oòrùn má jí áyódìn kó lọ.

Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ fi ìka kan tọ́ iyọ̀, ẹ fi kan ètè rẹ̀, ẹ ní kí ayé rẹ̀ dùn. Ìka kan péré, gbogbo wa sì ṣe àmín. Ìka yẹn ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa fi ṣe oògùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń bọ̀ wá ra kóńgò kan. Ẹ má gbàgbé èènì mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ayálégbé yàrá kejì lápá ọ̀tún.