Ará Ọ̀run Oníràwọ̀ Kan

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọn ò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé bí ojú ò bá sí níbẹ̀, torí kò wá sí wọn lọ́kàn pé ènìyàn lè bá ọmọnìkejì rẹ̀ wí láìgbé ojú dání. Láyé tiwọn, bí inú bá bí mi sí ọ, ilé rẹ ni mò ń bọ̀. O ó gbé àpótí fún mi, o ó bu omi, n ó mu ún, ìbínú á ti rọ̀ díẹ̀ kí n tó lanu. Bí mo bá sì ń purọ́, ìpéǹpéjú mi ni yóò kọ́kọ́ ta ọ́ lólobó.

Òwe yìí ti wá dà bí arúgbó tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Obìnrin kan ń ránṣọ lápá Ajílòsun, l'Adó-Èkìtì níbí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé aṣọ fún un, nítorí náà mo mọ àléébù rẹ̀: bó bá ní kí o wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì, bi í léèrè Ẹtì wo. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Ọrùn bùbá tó bá gé, ńṣe ló máa ń jókòó bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ènìyàn. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Pólì ló bá a fi ṣọ́ọ̀bù sórí máàpù inú fóònù, kí àwọn tó ń ti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀ wá ṣègbéyàwó lè rí i. Wọ́n rí i. Oníbàárà méjì kọ ọ̀rọ̀ dídùn síbẹ̀, wọ́n fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún, ìyá télọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí olorì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ìràwọ̀ ẹyọ kan já lù ú. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, ìlà méjì péré: obìnrin yìí ba aṣọ ẹbí wa jẹ́, olè ni, ẹ sá fún un. Ẹni tó kọ ọ́ kò lórúkọ. Lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́fà ló ń jẹ́. Àwòrán òdòdó ló fi síbi tí ojú yẹ kó wà.

"Tíṣà, ẹ bá mi kà á dáadáa." Tíṣà ló ń pè mí. L'Èkìtì, ẹni tó bá ti wọ awò tó sì fi bíró sápò àyà, tíṣà ni, ì báà ti fẹ̀yìntì. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé ńlá tó ń kọ ìwọ̀n sí yọ lábẹ́ máṣíìnì, ó fi itọ́ kan ìka, ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan: orúkọ, èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn ọwọ́, iye tó san, iye tó kù. Léèsì, áńkárá, àdìrẹ. Láti oṣù méjì sẹ́yìn, kò sí aṣọ ẹbí kankan nínú ìwé náà. "Aṣọ ẹbí ta ni mo bà jẹ́?" Èmi ló ń bi, bí ẹni pé abẹ́ ahọ́n mi ni ìdáhùn wà.

Ọmọ rẹ̀ ló já a. Orúkọ tó wà lára pátákó ìyá rẹ̀, orúkọ ọpẹ́ ni, irú èyí tí ẹ ó kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó ti Òkèsà dé Baṣírì. Télọ̀ mìíràn ń jẹ́ orúkọ yẹn kan náà lápá Baṣírì lọ́hùn-ún. Ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gé aṣọ ẹbí onítọ̀hún kúrú; ó fi ìbínú wá orúkọ náà, ó sì lu èyí tó kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Àwọn tó pa òwe yẹn gbà pé ẹni tó ń sọ òkò náà wà lọ́jà. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó máa sọ ọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ìṣirò ìràwọ̀ yìí ló tún burú. Ẹni méjì fún ọ ní márùn-ún, ẹnìkan fún ọ ní ẹyọ kan: ìràwọ̀ mọ́kànlá, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, o ti di 3.7. Ilé ìtura ńlá l'Ékòó tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ba òun. Télọ̀ Ajílòsun tí gbogbo ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ ti ṣubú nìyẹn. Kí ló dé tí wọn ò ju mẹ́ta lọ? Ẹni tí aṣọ bá bá lára mu, ijó ló ń jó lóde, kì í kọ̀wé. Ẹni tí inú ń bí ló ń wá bíró.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé àwọn baba wa ò mọ ọ̀rọ̀ aláìlójú. Egúngún ńkọ́? Ará ọ̀run á jáde, á fi ohùn tí kì í ṣe ohùn ènìyàn bú ẹni tó jí ewúrẹ́ aládùúgbò, á yà síwájú ilé ìjòyè tó jẹ owó ìlú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ gbá a láṣọ mú. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ọmọ ènìyàn ò gbé, ẹ̀kú ń gbé e. Mo gbà pé ó wúlò, torí kò sí ìlú tí alágbára ò ti ń rẹ́ni jẹ, aláìlágbára sì ní láti ríbi fara pamọ́ sí kó tó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò tó wà nídìí rẹ̀. Ará ọ̀run ní ọjọ́ tirẹ̀. Kì í jí lóru Ọjọ́rú lásán kó ní òun ń bọ̀ lóde. Ó ní atọ́kùn tó ń ṣíwájú rẹ̀, tó ń fà á sẹ́yìn bó bá fẹ́ ṣe àṣejù. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé awo mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀kú. Aṣọ bo ojú fún àwọn tó ń wòran. Kò bò ó fún àwọn tó wà nínú ìgbàlẹ̀.

Tiwa ti òde òní kò ní atọ́kùn. Oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ nítòótọ́ lè wà nínú ẹ̀kú náà. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lè wà níbẹ̀, tàbí ọkọ àtijọ́, tàbí ọmọdékùnrin kan tí wọ́n fún lówó dátà pé kó kọ ogún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìràwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń jù, kò sì sí ìyàtọ̀ lójú ẹni tí ó bà.

A máa ń ki Èkìtì ní ilé iyì, ilé ẹ̀yẹ. Iyì ọ̀hún ti wá di ohun tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ṣírò. Olùkọ́ Yunifásítì ní ọ̀nà Ìwòròkò á jí, á rí i pé ẹni tí kò wá sí kíláàsì rẹ̀ láti oṣù kẹta ti kọ ọ́ pé kò mọ̀wé. Oníyán tó ti ń gún iyán láti ọdún gbọọrọ á gbọ́ pé iyán rẹ̀ ní kókó. L'Èkìtì o, níbi tó jẹ́ pé ó sàn kí wọ́n pè ọ́ lóṣèlú ju kí wọ́n ní iyán rẹ ní kókó lọ. Èyí tó ṣe mí láàánú jù ni dókítà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó fi àìbìkítà pa bàbá wọn, kò lè dáhùn. Ìbúra iṣẹ́ rẹ̀ ní kó má sọ àìsàn aláìsàn fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́yà náà gbọ́dọ̀ pa àṣírí ẹni tó gbéṣẹ́ fún un mọ́. Ẹnìkan ń lù ọ́, òfin iṣẹ́ rẹ sì di ọwọ́ rẹ sẹ́yìn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ti dókítà, ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ló tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀.

Ẹ wo akọni wa pàápàá: Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, tí ọgbà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà láàrin ìlú wa yìí, gba àlejò n'Íbàdàn lóṣù Keje 1966. Ìtàn tí a ń sọ fáwọn ọmọ wa ni pé nígbà tí àwọn tó fẹ́ pa àlejò náà dé, ó kọ̀, kò fi í sílẹ̀, ó bá a kú. Bó bá jẹ́ ayé òní ni, ẹnìkan á ti fún un ní ìràwọ̀ kan: ilé dára, ṣùgbọ́n kò sí ààbò.

Ẹ ó ní òfin ń bẹ. Ó kúkú ń bẹ. Abala 24 òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 lè rán ènìyàn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó gba mílíọ̀nù méje náírà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kó ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ wá wo àwọn tí òfin ń rí mú. Lóṣù Kẹsàn-án 2023, obìnrin kan l'Ékòó sọ lórí Facebook, lórúkọ ara rẹ̀, pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò kan tí òun rà. Tòmátò ni o, kì í ṣe ìjọba ló bú. Ọlọ́pàá gbé e, ilé iṣẹ́ náà sì ní bílíọ̀nù márùn-ún náírà lòun fẹ́ gbà.

Ká padà sí Adó. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejìlá 2024, àwọn ọlọ́pàá mú Délé Fárótìmí, lọ́yà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́, l'Ékòó, wọ́n gbé e wá síbí. Ìwé ló kọ lórí ètò ìdájọ́ Nàìjíríà, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára èèpo ìwé náà. Nínú rẹ̀ ló ti sọ ohun tó sọ nípa Olóyè Afẹ́ Babalọlá, àgbà amòfin, ọmọ bíbí Adó, ẹni tó dá yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2009. Olóyè ní irọ́ ni, ó ba òun lórúkọ jẹ́. Ẹ̀sùn mẹ́rìndínlógún ní kóòtù Májísíréètì, méjìlá mìíràn ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Béèlì mílíọ̀nù 50 náírà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, mílíọ̀nù 30 ní Májísíréètì. Àìsùn Kérésìmesì ló tó jáde. Èmi ò dá ẹjọ́ wọn, àwọn méjèèjì mọ òfin jù mí lọ. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ìwé tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ó wà rí, kí ọdún tó parí, gbogbo ènìyàn ló ń wá a kiri.

Kì í ṣe òfin ló wá parí rẹ̀. Níparí oṣù Kíní 2025, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adéyẹyè Ògúnwùsì, ṣíwájú àwọn ọba Yorùbá wá bá Olóyè l'Adó. Wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀bẹ̀, ó sì ní òun ti jáwọ́ nínú ẹjọ́. Ohun tí ẹ̀sùn méjìdínlọ́gbọ̀n ò lè yanjú, ojú yanjú rẹ̀. Kò sì yà mí lẹ́nu ní ìlú tó fi ìdí ìrókò sọ orúkọ ọdún rẹ̀ tó tóbi jù, Ùdírókò, torí pé abẹ́ igi ni Ewì, ọba Adó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń pé jọ wo ara wọn lójú láyé àtijọ́.

Ọba wo ni yóò wá ṣíwájú lọ bá lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́fà nítorí télọ̀? Ilé wo ni wọ́n á yà sí? Àwọn ọmọ wa ń wòran, wọ́n sì ti gbọ́ ohun tí a ń sọ láìla ẹnu: fi orúkọ bàbá rẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á gbé ọ, yọ orúkọ kúrò, o ti di ará ọ̀run. Àwa tí a ń pariwo pé àwọn aláìlójú pọ̀ jù, àwa la ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lé àwọn tó fi ojú hàn kúrò lójúde.

Àwọn ará ọ̀run pàápàá ò ríbi sá sí. Lóṣù Keje 2025, ohun kan báyìí ṣẹlẹ̀ l'Ámẹ́ríkà, nínú áàpù kan tó ń jẹ́ Tea, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sọ ìwà àwọn ọkùnrin láìdárúkọ ara wọn. Kí o tó wọlé, wàá kọ́kọ́ ya ojú rẹ, kí wọ́n lè mọ̀ pé obìnrin ni ọ́. Àwọn kan já wọ ibi tí wọ́n kó àwòrán sí, nǹkan bí 72,000 sì bọ́ síta, tó fi mọ́ nǹkan bí 13,000 tó jẹ́ ojú àti káàdì ìdánimọ̀ wọn. Ẹ̀kú tú lọ́sàn-án gangan. Àbí ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni ojú náà sùn sí.

Ẹ̀rí tí wọ́n fowó rà náà wà. L'Ámẹ́ríkà, òfin ti dè é láti oṣù Kẹwàá 2024, Ìlú Ọba sì tẹ̀lé e lóṣù Kẹrin 2025: o ò gbọdọ̀ ra ìyìn, o ò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ bí ẹni pé oníbàárà ló kọ ọ́. Mo rò pé òfin gidi nìyẹn. Mo ń rò ó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni ìyá télọ̀ ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Sátidé.

Ọmọ rẹ̀ ti kọ èsì sábẹ́ ìràwọ̀ ẹyọ kan náà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé aṣọ yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ká jọ wò ó. Kò sẹ́ni tó wá. Ìyá télọ̀ gbé àpótí fún mi, ó bu omi, mo mu ún.

"Tíṣà, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ bá mi kọ ọ̀kan tó dáa. Ẹ má wulẹ̀ fi orúkọ yín sí i, kí wọ́n má baà ní torí pé ẹ mọ̀ mí ni."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, omi ti dé ikùn. Ọmọ náà ti ṣí i sílẹ̀ lórí fóònù mi, ó tilẹ̀ ti bá mi yan orúkọ: Happy Customer. Mo tẹ ìràwọ̀ márààrún. 3.7 di 4.0 lójú wa, ìyá télọ̀ pàtẹ́wọ́. Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó rán bùbá àti ṣòkòtò fún mi, ó mọ́ mi lára, ó sì fún mi lọ́jọ́ tó dá gan-an.

Bùbá ọ̀hún ṣì wà lórí máṣíìnì. Ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.