Wọ́n Ń Ta Ìràwọ̀ Lọ́jà, Ẹ̀yin Èèyàn Mi!

Ẹ yá mi létí díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí èèyàn ń dá gbé sínú. Wọ́n ń ta ìràwọ̀ o! N kò sọ ti òṣèré, n kò sọ ti agbábọ́ọ̀lù. Ìràwọ̀ ojú ọ̀run ni mò ń wí, èyí tí Olódùmarè dá láìpe ẹnikẹ́ni sí i. Bí Ọjọ́ Olólùfẹ́ bá ti ń kù dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin tí kì í rántí owó iná á bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sanwó, wọ́n á sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí i: orúkọ ìyàwó gàdàgbà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìràwọ̀ náà, àti àwòrán ojú ọ̀run tí wọ́n fi pupa yí ibì kan ká. Ìyàwó á máa sunkún ayọ̀, á ní ọkọ òun ra ìràwọ̀ fún òun.

Háà! Ta ló bá wọn kó ìràwọ̀ ọ̀hún jáde? Oyin dà? Iyọ̀ dà? Mọ̀lẹ́bí wo ló jókòó síbẹ̀?

International Star Registry, tó ti wà lẹ́nu òwò yìí láti ọdún 1979, a máa tẹ orúkọ àwọn oníbàárà sínú ìwé kan, wọ́n á sì fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Ìwé tiwọn ni ìjọba gbà, kì í ṣe ìràwọ̀. Lọ́dún 1998, ọ́fíìsì tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní New York fẹ̀sùn kàn wọ́n pé ìpolówó wọn ń tan èèyàn jẹ. Ọjà kò tìtorí ìyẹn tú. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, IAU, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1919, ni gbogbo onímọ̀ gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí orúkọ ìràwọ̀, wọn kì í sì í tà á.

Ẹ má rò pé ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn mọ́ o. William Herschel rí pílánẹ́ẹ̀tì kan lọ́dún 1781, ló bá sáré fi orúkọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Kẹta, pè é. Láàárín àkókò yẹn náà ni ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní 200 pọ́n-ùn lọ́dọọdún. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù kọ orúkọ yẹn. Uranus ni gbogbo ayé ń pè é lónìí.

Èyí tó dùn jù ni ti ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ní Palermo, ní Ítálì. Ìwé ìràwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1814 dárúkọ ìràwọ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí: Sualocin àti Rotanev. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá, àfìgbà tí àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Webb, kà wọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nicolaus Venator! Orúkọ Niccolò Cacciatore ni, ní èdè Látìn, igbá-kejì Giuseppe Piazzi tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Bóyá òun ló ṣe é, bóyá ọ̀gá rẹ̀ ló fi ṣe é lóore, èmi mọ èyí tí mo gbà gbọ́. Ẹ sì wò ó, lọ́dún 2016, IAU fọwọ́ sí orúkọ méjèèjì!

Ó kéré tán, Cacciatore mọ ìràwọ̀. Àwọn olólùfẹ́ wa ńkọ́? Lóru tó ṣókùnkùn biribiri, bí 3,000 ìràwọ̀ ni ojú lásán lè rí lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó sì mọ́lẹ̀ jù nínú wọn ti lórúkọ tipẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà a máa ṣe bàìbàì débi pé ẹni tí wọ́n fi sọ lè má fojú rẹ̀ rí i láéláé. Oòrùn pàápàá, ìràwọ̀ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó tún sún mọ́ wa jù lẹ́yìn rẹ̀, Proxima Centauri, ó ju ọdún mẹ́rin lọ kí tirẹ̀ tó dé, ojú lásán kò sì lè rí i. Ọkọ á wá gbé ìyàwó jáde nírọ̀lẹ́, á nàka sí Àgùàlà: "Olólùfẹ́ mi, tìrẹ nìyẹn!" Àgùàlà, tí wọ́n ṣe bí ajá òṣùpá! Kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń yá lò.

Lọ́dún 2019, IAU ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Nàìjíríà pe ìràwọ̀ HD 43197 ní Amadioha, ó pe pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano. Orúkọ gidi nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tà á fún wa.

Ẹ̀yin ìyàwó, bí wọ́n bá gbé ìwé ìràwọ̀ wá bá yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè owó oúnjẹ.